"Owó Mi Ńkọ́?" "Ó Wà": Àyẹ̀wò Ìdáhùn-Àìdáhùn Nínú Ọ̀rọ̀ Inú Ilé Yorùbá

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá kò fi iṣẹ́ ṣeré láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ Yorùbá ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa. Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966. Ọdún yẹn kan náà ni Òwe l'Ẹṣin Ọ̀rọ̀ ti Isaac Délànọ̀ jáde. Ọlátúndé Ọlátúnjí fún òwe àti àlọ́ àpamọ̀ ní àyè tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkì, ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá nínú ìwé rẹ̀ ti 1984, Oyèékàn Owómóyèlà sì kó òwe tí ó lé ní 5,000 jọ sínú ìwé kan ní 2005. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan àwàdà, ojú wa a máa lọ sí orí ìtàgé Aláwàdà tàbí sí ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kò sí èyí tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọ Yorùbá ń gbọ́ kí ó tó gbọ́ òwe, kí ó tó gbọ́ àlọ́ pàápàá, tí a kì í sábà kà sí ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ jókòó tì. Èyí ni èsì tí àgbà ilé máa ń fún ẹni tí ó bi í ní ohun tí kò fẹ́ sọ.

"Kí lẹ̀ ń sè?"

"Oúnjẹ ni."

"Irú oúnjẹ wo?"

"Èyí tí wọ́n ń fi ẹnu jẹ."

Wọ́n dáhùn, wọn kò sì dáhùn. A ó pe irú èsì bẹ́ẹ̀ ní ìdáhùn-àìdáhùn nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn àpẹẹrẹ tí a ó lò kì í ṣe ohun àjèjì. Òǹkàwé tí ó bá dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá yóò ti gbọ́ wọn tàbí àwọn ìbátan wọn rí. Ohun tí a fẹ́ sọ nípa wọn ni pé ìdáhùn-àìdáhùn kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kàn sọ sílẹ̀ láti pa ẹnu ọmọdé mọ́. Ẹjọ́ kékeré ni, tí a fi ń dá ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní in. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yìn ín gbọ́dọ̀ ṣe tán láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú pẹ̀lú, nítorí onídàájọ́ a máa ṣègbè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara gírámà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè wa, bí i kí, ta, ibo àti èló, a máa gbẹ́ ihò sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀-orúkọ kan. Ẹni tí wọ́n bi ní láti wá ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò dí ihò náà. "Níbo lẹ̀ ń lọ?" "Mo fẹ́ dé ibì kan." "Ta ló fún yín?" "Ẹnì kan ni." "Kí ló wà nínú àpò yẹn?" "Nǹkan ni." Gírámà kò rí àléébù kankan nínú àwọn èsì wọ̀nyí. Ihò tí ìbéèrè gbẹ́ ti dí, ṣùgbọ́n iyanrìn ni wọ́n fi dí i. Ọ̀nà kejì tún mú ju èyí lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ oníbèéèrè fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà fún un. "Ìgbà wo lẹ máa dé?" "Tẹ́ ẹ bá ti rí mi, mo ti dé nìyẹn." "Níbo lẹ ti ra aṣọ yìí?" "Ibi tí wọ́n ti ń tà á." "Èló lẹ rà á?" "Owó ni mo fi rà á, n ò jí i." Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí gbólóhùn kékeré tí ó kẹ́yìn yẹn. Kò sí ẹni tí ó pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹni tí ó dáhùn ni ó fi ẹ̀sùn olè sínú ìbéèrè náà, tí ó sì tún wẹ ara rẹ̀ mọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí ojú lè ti ẹni tí ó bèèrè iye owó.

Èyí tí ó dùn jù lójú tiwa wà lábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ìbéèrè nì, ńkọ́. Ńkọ́ kò nílò kí tàbí ta kí ó tó di ìbéèrè. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo tó o. Iṣẹ́ méjì ni ó sì ń ṣe. Nígbà tí a bá pàdé ara wa lọ́nà tí a ní "Bàbá ńkọ́?", "Ilé ńkọ́?", "Àwọn ọmọ ńkọ́?", ìkíni ni. Èsì rẹ̀ kò ju "Wọ́n wà" tàbí "A dúpẹ́" lọ, kò sì sí ẹni tí ó ń retí pé kí a máa ka àrùn bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí olówó bá dé ẹnu ọ̀nà tí ó ní "Owó mi ńkọ́?", kì í ṣe ìkíni ni ó bá wá. Ohun tirẹ̀ ni ó ń bèèrè. Ajigbèsè tí ó mọ èdè yóò wá ṣe bí ẹni pé ìkíni ni ó gbọ́. "Owó yín wà." Bí ó bá láyà, yóò fi lé e pé: "Ó wà, ó ń kí yín." Lójijì, owó ti di ẹbí tí ó wà lájò, tí ara rẹ̀ le, tí kò sì gbàgbé ilé. Olówó ti di ẹni tí wọ́n ń bá kí owó rẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ó ti sọ ọjọ́ kan nù. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, òun ni ó dà bí òǹrorò lójú àwọn tí ó wà níjòókòó. Ká ní "Owó mi dà?" ni ó sọ ni, ìlẹ̀kùn yìí kò ní ṣí, nítorí pé a kì í fi dà kí ènìyàn. Dà ń fẹ́ kí a na ọwọ́ sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ méjì tí a sábà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé wọ́n jọra ni ìwọ̀nyí, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sì ni ajigbèsè ti rí àyè gbà.

Àwọn baba wa mọ agbára irú èsì yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọ̀nà láti borí rẹ̀. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 bí wọ́n ṣe ń dógò ti ajigbèsè: a ó rán ẹnì kan lọ jókòó sí ilé rẹ̀, yóò máa yọ wọ́n lẹ́nu, kò sì ní dìde títí wọn yóò fi san gbèsè. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń tà láwìn káàkiri, gba orúkọ òṣómàáló láti inú ìhàlẹ̀ wọn pé òṣòó ni àwọn yóò ló títí owó yóò fi jáde. A lè wo ológò àti òṣómàáló gẹ́gẹ́ bí alárìíwísí ìdáhùn-àìdáhùn. Wọ́n mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá kojú ọ̀rọ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn ni yóò borí, nítorí náà wọ́n mú ọ̀rọ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n fi ara rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó lóṣòó sí iwájú ilé rẹ kò bi ọ́ ní nǹkan kan. Kí ni o fẹ́ dá a lóhùn?

Ọ̀rọ̀ gbèsè yìí náà ni ó bí àwàdà tí gbogbo ilé mọ̀, ti ọmọ tí bàbá rẹ̀ rán jáde sí olówó. Ọmọ náà dé ìta, ó ní: "Bàbá ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé." A máa ń rẹ́rìn-ín sí òpè ọmọ náà, a kì í sì í wo ohun tí ó ṣe. Irọ́ ni bàbá rán an. Nígbà tí ó fi "Bàbá ní kí n sọ" sí iwájú rẹ̀, irọ́ náà kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí mọ́. Ó di ìdáhùn-àìdáhùn. Olówó mọ̀ pé bàbá wà nínú yàrá, ó sì tún mọ̀ pé wọn kò fẹ́ rí òun. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín irọ́ àti ohun tí à ń yẹ̀ wò gan-an nìyí: irọ́ kò fẹ́ kí a mọ òun ní irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní "Owó ni mo fi rà á" fẹ́ kí o mọ̀ dájú pé òun kò dá ọ lóhùn. Bí o kò bá mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kùnà.

H. P. Grice sọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1975 pé àwọn tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ a máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀: wọn a sọ ìwọ̀n tí ó tó, wọn a sọ òtítọ́, wọn a sọ ohun tí ó bá ọ̀rọ̀ mu, wọn a sì sọ ọ́ kí ó yéni. Bí ẹnì kan bá rú ọ̀kan nínú òfin wọ̀nyí ní gbangba, olùgbọ́ a wá ìtumọ̀ mìíràn sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Èyí bá àwọn àpẹẹrẹ wa mu dáadáa, nítorí pé òfin ìwọ̀n ni wọ́n rú, wọn kò rú òfin òtítọ́. Elinor Keenan dá sí ọ̀rọ̀ Grice ní 1976 láti inú ìwádìí rẹ̀ ní Madagásíkà. Ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo àwùjọ ni ó ń retí pé kí ènìyàn sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀. Níbi tí ó ti ṣèwádìí, ìròyìn tuntun ṣọ̀wọ́n, ẹni tí ó bá ní in a máa ṣọ́ ọ bí ohun iyebíye. Ó wu akẹ́kọ̀ọ́ láti gbé àlàyé yìí wọ agbo ilé Yorùbá bí ó ti wà, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́. Nínú agbo ilé, ìròyìn kò ṣọ̀wọ́n, ó pọ̀ jù ni. Ẹni tí ó bèèrè pé "Kí lẹ̀ ń sè?" ti gbọ́ òórùn ẹja láti ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó ń bèèrè gan-an ni pé, "Ṣé ẹ máa fún mi níbẹ̀?" Ìbéèrè tí kò yọ sí ìta yìí ni "Oúnjẹ ni" dáhùn, ó sì dáhùn rẹ̀ láìkù síbì kan.

Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àlọ́ àpamọ̀, ìrísí rẹ̀ yóò túbọ̀ hàn. Nínú àlọ́ àpamọ̀, ẹni tí ó bèèrè ni ó mọ ìdáhùn. Àwọn tí wọ́n bi ni wọ́n ń wá a kiri, ìgbádùn rẹ̀ sì ni kí wọ́n rí i. Nínú ìdáhùn-àìdáhùn, ẹni tí wọ́n bi ni ó mọ̀ ọ́n, ìgbádùn rẹ̀ sì ni kí ẹni tí ó ń wá a fi ọwọ́ ara rẹ̀ jáwọ́. Ìbejì tí ó kọ ẹ̀yìn sí ara wọn ni wọ́n. Ọmọ tí ó ń pa àlọ́ ní alẹ́ ni wọ́n ti fi "Ibi tí wọ́n ti ń tà á" dá lóhùn ní ọ̀sán. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ láti inú méjèèjì ni ó ti kọ́ pé ìbéèrè kì í ṣe ọ̀nà ìwádìí nìkan, pé eré ni, pé agbára sì ni.

Agbára yìí kò dọ́gba. Àgbà lè ní "Ibì kan ni" fún ọmọ. Bí ọmọ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà, yóò jìyà rẹ̀. Ìyàwó ilé wà ní àárín. Bí àbúrò ọkọ rẹ̀ bá yọjú sí ilé ìdáná, kò lè la "Oúnjẹ ni" mọ́ ọn lójú, nítorí pé ọkọ ni ó ń pe ọmọ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún méje, bí wọ́n bá ti bí i kí ó tó wọlé. Ohun tí yóò sọ ni "Oúnjẹ ni, ọkọ mi", pẹ̀lú ẹ̀rín àti oríkì díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, aṣọ tí ó wọ̀ ni ó yí padà. Nítorí èyí, a kò fara mọ́ èrò àwọn olùkọ́ tí wọ́n máa ń pa irú gbólóhùn báyìí rẹ́ nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àfojúdi ni. Àfojúdi kò sí nínú "Ẹnì kan ni". Àyíká ìpèdè ni ó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi í sí ẹnu ìyá àgbà nínú eré oníṣe rẹ̀ mọ èdè ju olùkọ́ tí ó pa á rẹ́ lọ.

A gbọ́dọ̀ ya àdàpè sọ́tọ̀ kúkú, nítorí wọ́n máa ń dàpọ̀. Ẹni tí ó pe ejò ní okùn lóru, tí ó pe abẹ́rẹ́ ní òkínní, tàbí tí ó pe ṣọ̀pọ̀nná ní Olóde, kò yẹ ìbéèrè kankan sílẹ̀. Ẹ̀rù orúkọ ni ó ń bà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Ẹni tí ó ń jáde nílé tí wọ́n bi pé "Níbo lẹ̀ ń lọ?" a máa ní "Mò ń bọ̀", a sì máa ń dágbére pé "Ó dàbọ̀", ìyẹn ni pé, ó di àbọ̀, àlọ kò gbọdọ̀ yọ ní ẹnu. Ìyá tí wọ́n bi ní iye ọmọ rẹ̀ a ní "Wọ́n wà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ẹ̀rù àti àwàdà jọ wà nínú èsì yìí, kò sì rọrùn láti mọ èyí tí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá gbé fọ́ọ̀mù ìkànìyàn dé ọ̀dọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní 1991 tàbí ní 2006 yóò rí i pé kò sí àyè fún "Wọ́n wà" nínú ìwé ìjọba.

Títí dé ibí yìí, ẹni tí ó ń dáhùn ni a ti ń gbè lẹ́yìn. Ó yẹ kí a dúró bi ara wa pé ta ni ó ni ohun tí wọ́n ń bèèrè. Aṣọ tí mo wọ̀, èmi ni mo ni ín. Bí mo bá ní "Owó ni mo fi rà á", ohun tèmi ni mo fi pamọ́. Ọmọ tí ó bèèrè ibi tí wọ́n ti rí àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ní "Ọjà ni a ti rà á", lè rẹ́rìn-ín lónìí, kí ó sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọmọbìnrin ọdún méjìlá, tí ó rí ẹ̀jẹ̀ ní ara rẹ̀, tí ó bèèrè, tí wọ́n ní "O ti dàgbà nìyẹn, má jẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn ọ́", ohun tirẹ̀ ni wọ́n fi pamọ́ fún un. Ara rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ fún un, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí yóò sọ ọ́ ni ó fẹ́ ire rẹ̀. Bákan náà ni ti ọmọ tí ó ń bèèrè bàbá rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí èsì rẹ̀ kò yé jẹ́ "Wọ́n rìnrìn àjò." Bákan náà ni ti ìyàwó tí ó bi ọkọ rẹ̀ pé "Owó oúnjẹ ńkọ́?", tí ó gbọ́ "Ó wà", tí gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Olówó ni obìnrin yìí náà, ṣùgbọ́n kò lè lóṣòó, nítorí inú ilé tí ó yẹ kí ó lóṣòó sí ni ó ń gbé.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn gbogbo àpẹẹrẹ wa, èyí tí a yìn jù ni yóò kọ́kọ́ jẹ̀bi. "Ó wà, ó ń kí yín" ni ó ní ọgbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Owó olówó sì ni ó fi ń ṣeré. A kò ní tìtorí èyí sọ pé kò dùn mọ́. Ẹni tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ fi adùn ọ̀rọ̀ bo ẹ̀bi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bi rẹ̀ pa adùn náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti di ohun tí mùtúmùwà ń rà ní Nàìjíríà ni ìbéèrè kan ti gba orí ìbéèrè yòókù: "Níbo lo wà?" Ní ayé àtijọ́, a kì í sábà bi ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní ibi tí ó wà, nítorí ojú wa ni ó wà. Èsì tí ó gbòde fún un ni "Mo ti wà lọ́nà", tí ẹni tí ó ń sọ ọ́ ṣì ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Irọ́ ni èyí, kì í ṣe ìdáhùn-àìdáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ ti mọ̀ ọ́n mọ́ ara wọn débi pé olùgbọ́ a máa fi wákàtí kan kún un fúnra rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ti rí mi, mo ti dé nìyẹn" ní òtítọ́ jù ú lọ. Àwọn àgbà kan ṣì wà tí wọ́n ń gbé ti àtijọ́ wọ inú fóònù, tí wọ́n ń ní "Mo wà níbi tí mo wà", ó sì máa ń dùn láti gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti kọjá ibẹ̀. Wọn kì í bèèrè mọ́. Wọn a ní kí o fi àwòrán ilẹ̀ ibi tí o wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìbéèrè náà kò gba ẹnu kọjá mọ́, ẹnu kò sì rí ohun tí yóò fi dá àpárá. Àfi bí ẹni tí wọ́n bi bá ya fọ́tò ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀ tí ó dúró sí, tí ó sì fi í ránṣẹ́ sí wọn.